Àṣìṣe Mẹ́ta Nínú Gbólóhùn Kan Láti Malabo

Fidjrossè, Kùtọnú

Mulikatu, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Iṣẹ́ tí o ṣe dé ọwọ́ mi. Fọ́tò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lórí fóònù. Mo gbé e lọ bá obìnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lójú títì kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi, nítorí mi ò lè ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí gíláàsì. Gbólóhùn méje lo kọ ní èdè Sípéènì. Mo kírun alásárì tán, mo jókòó tì wọ́n. Mẹ́fà àkọ́kọ́ kò le: mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ, ilé yín ní fèrèsé méjì, òjò Malabo pọ̀ ju tiwa lọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkeje ló dá mi dúró. O kọ ọ́ báyìí:

Mi papa es solo en Cotonou.

Bàbá mi dá wà ní Kùtọnú. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, àṣìṣe mẹ́ta. Mo ti mú bírò pupa, ọwọ́ mi ti wà lókè, kí n tó rántí ẹni tó kọ ọ́. Mo gbé bírò náà sílẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí o wọ kíláàsì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣe ọ́ ní ohun kan. O pa èdè Sípéènì tì nítorí rẹ̀, o lọ mú Jámánì. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí: ọmọ Señor, ọmọ olùkọ́ Sípéènì, ń kọ́ Jámánì! Ní báyìí, ìgbéyàwó àti iṣẹ́ tuntun ti gbé ọ dé ìlú tó jẹ́ pé èdè tí mo fi bọ́ yín ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀, o sì sọ lórí fóònù pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Bí mo bá tún ṣe é bí mo ṣe ṣe é nígbà yẹn, o ò ní kọ ohunkóhun ránṣẹ́ sí mi mọ́, ìyá rẹ kò sì sí láyé tí yóò bá wa parí rẹ̀. Nítorí náà, mo rọra ń kọ ìwé yìí ni. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò o, fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ìkíní: papa.

O ò fi àmì sórí rẹ̀. Papa tí kò ní àmì, póòpù àwọn Kátólíìkì ni. Ní ibòmíràn, ànàmọ́ òyìnbó ni. Bàbá rẹ kì í ṣe póòpù, Mùsùlùmí ni, kò sì tíì di ànàmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn ti ń yọ díẹ̀. Papá ni mò ń jẹ́.

Àwa Nàgó, Yorùbá ìhà ibí, bí a bá ti rí àmì lórí ọ̀rọ̀, ohùn òkè la máa ń rò. Àṣìṣe tèmi náà nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo wọ yunifásítì, mo dúró níwájú ẹni tó ń dán wa wò, mo ń gbé ohùn sókè mo ń gbé e sílẹ̀ níbi gbogbo tí mo bá ti rí àmì. Ọkùnrin náà ní kí n dúró ná. Ó bi mí pé ṣé kéwú ni mò ń ké ni. Àmì èdè Sípéènì kì í ṣe orin, ọmọ mi. Ibi tí o máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sórí fáwẹ̀lì, tàbí sórí n, tàbí sórí s, sílébù tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn lo máa tẹ̀. Bó bá parí sórí lẹ́tà mìíràn, èyí tó kẹ́yìn lo máa tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbé àmì sórí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé aláìgbọràn ni.

Má fojú kéré rẹ̀. Hablo: mò ń sọ̀rọ̀. Habló: ó sọ̀rọ̀, ó sì ti tán. Àmì kékeré yẹn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó gbé e fún ẹlòmíràn, ó sì sọ òní di àná.

Mo tún rí i pé o kọ ano níbi tí o ti fẹ́ kọ año, ọdún. Ní ilé ìtọ́jú tí o ti ń gbàwé lọ́wọ́ àwọn aláìsàn yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gbàgbé ìlà wẹ́rẹ́ tó wà lórí ñ. "Ny" ni à ń pè é. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, dípò kó o kọ pé màmá àgbà kan ní ọgọ́ta ọdún, wàá kọ pé ó ní ọgọ́ta... Bàbá rẹ ni mí, mi ò lè dárúkọ ihò ara yẹn. Bi dókítà ibẹ̀.

Kí n tó kúrò níbí: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. O ti pè mí. Àmì ló kù.

Ìkejì: Cotonou.

O kọ orúkọ ìlú wa bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́. Ní èdè Sípéènì, u nìkan ti tó, kò nílò o kó tó dún: Cotonú, pẹ̀lú àmì, nítorí ìparí ọ̀rọ̀ lo máa tẹ̀. Èdè yẹn máa ń kọ ohun tó bá gbọ́, ó fi èyí jọ Yorùbá. Òpùrọ́ kan tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni h, ó máa ń jókòó síwájú ọ̀rọ̀ láìsọ nǹkan kan. Kọ ọ́, má pè é. B àti v, ohùn kan náà ni wọ́n ní, ohùn b tiwa. Ẹnu rẹ kò ní ṣòro; ọwọ́ rẹ ló máa ṣòro, nítorí vaca ni màlúù, baca sì ni irin orí ọkọ̀ tí wọ́n ń di ẹrù sí, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dún. Kò sí ọgbọ́n kankan fún un ju kí o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbí ju lẹ́tà lọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi gba inú Faransé kọjá kí n tó dé èdè Sípéènì, bí ẹni tó ń lọ sí Kétu láti Kùtọnú, tó ní Parakou lòun máa gbà. Mo rò pé ọ̀nà àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Èdè tí ìyá rẹ fi tọ́ ọ ní ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo àmì ìbéèrè wọn: wọ́n máa ń dojú ọ̀kan dé sí iwájú gbólóhùn, ¿, kí wọ́n tó fi ọ̀kan sí ìparí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Kí ni ẹ̀rín níbẹ̀? "Ṣé" tiwa nìyẹn, "ǹjẹ́" tiwa nìyẹn. Ó ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìbéèrè ló ń bọ̀. Bí o bá fẹ́ béèrè nǹkan, fi hàn láti iwájú pé o fẹ́ béèrè. Èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí o kúrò nílé lọ gbé ní Parakou tí o ò pè wá, mo máa ń sọ fún ìyá rẹ pé, "Mulikatu kò pè." Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ròyìn. Ìyá rẹ a máa dá mi lóhùn pé, "Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó pè mí, ẹ bi mí." Mi ò bi í rí.

Ní òkè bébà rẹ, o kí mi: ¿Cómo estás? Inú ìwé lo ti dà á kọ, nítorí kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Estás, ìwọ nìyẹn. Fún àwọn aláìsàn rẹ, usted está, ẹ̀yin nìyẹn. Má fi ìwọ pe aláìsàn tó tó bí ọ lọ́mọ. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ lè fi ìwọ pe bàbá rẹ̀, kò sì já sí àrífín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti kọ́ ọmọ aráyé bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo kà á, mo tún un kà. Àwọn tó lè fi ìwọ pè mí ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ló kẹ́yìn nínú wọn, ó sì ti tó ọdún méjì tí a ti sin ín ní Kétu. Nígbà tí o wá bi mí pé báwo lo ṣe wà, ìwọ, mo dìde, mo lọ mu omi.

Ìkẹta: es.

Èyí ló wúwo. Ibi tí mò ń sá fún láti òkè ìwé nìyí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ nínú kíláàsì mi ni. Mo kọ ser, tó bí es, àti estar, tó bí está, sójú pátákó. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Faransé ní fún méjèèjì, ṣùgbọ́n Sípéènì pín in: ser fún ohun tó wà títí, estar fún ohun tó ń kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ na ọwọ́, ojú rẹ ń dán, o ní, "Bàbá, ṣé bíi 'wà' tiwa ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. O pè mí ní Bàbá níbi tó yẹ kó o ti pè mí ní Señor. O sọ Nàgó níbi tí èmi fúnra mi ti fòfin de Nàgó. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an, nítorí mo ti ń ṣe bí ẹni pé mi ò wá láti ibì kankan. Mo ní kó o jáde síwájú, kó o kúnlẹ̀, kó o na ọwọ́ méjèèjì sókè títí agogo yóò fi lù. O ò sunkún. Nígbà tí a délé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo gbà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ lọ bá ọ̀gá àgbà pé Jámánì ni ọmọ òun fẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì Jámánì kọjá, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ nínú ohùn àwọn yòókù, mi ò sì gbọ́ ohun tí o ń sọ.

Mulikatu, o gbà á. Òun gan-an ni. Estar, "wà" ni. Olùkọ́ ni mí: soy profesor. Mo wà ní Kùtọnú: estoy en Cotonú. Báwo lo ṣe wà? ¿Cómo estás? Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó sọ ohun tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì mi. Ohun tí o kò mọ̀ sì ni pé mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. O ò tíì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ tí ó ti yé mi pé òótọ́ lo sọ. Mo mọ̀, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo fi "wà" rẹ kọ́ àwọn ọmọ mìíràn. Ó yé wọn kíákíá. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí i, mo ní èmi ni mo rò ó.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni mo lò, ọ̀tún wà nínú àpò mi. Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá wà lábẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, tó sọ òótọ́ lójú àwọn èèyàn, gbà pé òótọ́ ni, lójú àwọn èèyàn náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo máa ń pa òwe yìí, mi ò gbà á gbọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Wàyí o, gbàgbé òfin "títí" àti "kọjá lọ" tí mo kọ sójú pátákó. Irọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ kú, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ èdè Sípéènì kọ̀wé sí mi láti Àjàṣẹ́ láti bá mi kẹ́dùn. Mo fẹ́ dá a lóhùn ní èdè náà. Mo kọ ọ́ pé, Mi mujer está muerta. Ìyàwó mi kú. Ọwọ́ mi dúró sórí está. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo bi ara mi pé kí ló ń kọjá lọ nínú èyí? Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin tí kò lè gbé òkú ẹyọ kan. "Wà" tìrẹ gbé e. "Wà" kì í béèrè bóyá nǹkan máa pẹ́. Ibi tí èèyàn bá ara rẹ̀ ló ń sọ.

O ròyìn fún mi pé o kọ La señora es mala sórí ìwé obìnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá, tí ọmọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ jà. O ò mọ ìdí rẹ̀? Òun náà nìyí. Es mala: èèyàn burúkú ni. Está mala: ara rẹ̀ kò dá. Bí o bá ṣiyèméjì níwájú aláìsàn, dákẹ́ díẹ̀, sọ ọ́ ní Nàgó nínú ara rẹ. Bí o bá gbọ́ "ni" tàbí "jẹ́", mú ser. Bí o bá gbọ́ "wà", tàbí bí ara ṣe rí lónìí, mú estar. Kò ní já ọ kulẹ̀ púpọ̀.

Ó ku solo. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Solo fún ọkùnrin, sola fún obìnrin. Àwa tí a ń fi "ó" kan ṣoṣo pe ọkùnrin, obìnrin àti àga, ibẹ̀ la ti máa ń ṣubú, o ò sì ṣubú. Máa kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú el, ti ọkùnrin, tàbí la, ti obìnrin, bí ẹni tó ń kí tọkọtaya pọ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé ìparí rẹ̀, nítorí la mano ni ọwọ́, el problema sì ni ìṣòro. Solo ni ọ̀rọ̀ tó dára jù nínú gbólóhùn rẹ, òun náà ló dùn mí jù. Mo rò pé mo ti fi í pa mọ́. Bí o bá pè, mo máa ń sọ pé àwọn èèyàn kún ilé. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń kí mi ní Buenos días, ẹ káàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, nítorí òun nìkan ni wọ́n mọ̀, mo sì ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ kí wọ́n má bàa dẹ́kun kíkí mi. Lọ́jọ́ Àìkú mo máa ń lọ jókòó létí òkun láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jẹ ẹja sísun, kí ariwo lè wà létí mi. Bí mo bá se oúnjẹ, ó máa ń kù.

Gbólóhùn rẹ nìyí, bó ṣe yẹ kó rí: Mi papá está solo en Cotonú. Gbọ́ bí Nàgó ṣe sọ ọ́: ó dá wà. "Wà" ti wà nínú rẹ̀ kí èmi àti Faransé tó dé. Mi ò ní sọ fún ọ pé estar ni, pé yóò kọjá lọ. Mi ò mọ̀ bóyá yóò kọjá.

Èrò burúkú kan wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí: kí o má tètè mọ̀ ọ́n. Kí o máa ṣì í kọ fún ọdún márùn-ún, kí bébà rẹ lè máa wọlé sí mi. Mo lé èrò náà jáde. Kọ́ ọ kíákíá. Mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kí iṣẹ́ rẹ lè dúró, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ́ ṣe ẹ̀sín nílùú onílùú. Kí Ọlọ́run fi ojú rere wo ìwọ àti ọkọ rẹ, kó sì fi ọmọ tí yóò bá yín jiyàn sílé yín.

Ní ọjọ́ tí o kò bá sì nílò olùkọ́ mọ́, mo bẹ̀ ọ́, má fi mí sílẹ̀. Kọ̀wé sí mi ní Nàgó. Sọ irú ọbẹ̀ tí o sè fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ